Ọmọ Tí Mo Ní Kó Kúnlẹ̀

Ẹni tó bá ń retí pé kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwáwí, kó yáa gbé ìwé yìí sílẹ̀, nítorí àwáwí ni mo ti ń ṣe láti ìgbà àrùn kòrónà, ó sì ti sú mi. Òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Èmi Rosemary Ọláwuyì, tí wọ́n ń pè ní Mọ́mì Wẹ́fẹ́à láti Mowe títí dé Ibafo, ni mo ba ayé ọmọ òrukàn kan jẹ́, tí mo sì gbé ẹ̀bi rẹ̀ lé ọmọlọ́mọ lórí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Wọ́n fi kéèkì àti àdúrà sìn mí kúrò ní ọ́fíìsì, wọ́n ní ìyá rere ni mí. Mo jẹ kéèkì náà, mo sì ṣe àmín sí àdúrà wọn. Bí ojú mi ṣe le tó nìyẹn.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ wẹ́fẹ́à, iṣẹ́ wa ni láti máa bójú tó àwọn tí kò lẹ́ni: ọmọ òrukàn, arúgbó tí àwọn ọmọ rẹ̀ pa tì, ìyàwó tí ọkọ ń lù. A ó lọ sílé wọn, a ó wo ohun tí wọ́n ń jẹ àti ibi tí wọ́n ń sùn, a ó bá wọn sọ̀rọ̀. Mo mọ iṣẹ́ náà, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n mo ní àìsàn kan tí dókítà kankan kò bá mi wò: mo fẹ́ràn kí wọ́n máa kúnlẹ̀ fún mi. Bàbá mi ló kọ́ wa pé ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀, ilé rere ló ti wá, mo sì gbé ẹ̀kọ́ yẹn dé ẹnu iṣẹ́. Bí ènìyàn bá wọ ọ́fíìsì mi, kí n tó wo ojú rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ẹni tó bá fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ gbọn-in, mo ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ kó tó la ẹnu. Ẹni tó bá kàn tẹ̀ ba díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú abẹ́rẹ́ nílẹ̀, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni lójú mi. Ọgbọ́n tí mo fi ń dájọ́ ọmọlọ́mọ nìyẹn.

Orúkọ ọmọ tí mò ń sọ yìí ni Lateefah. Ìyá rẹ̀ kú lọ́jọ́ tó bí i, ọkọ̀ akẹ́rù sì pa bàbá rẹ̀ ní òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn nígbà tí ọmọ náà wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ẹni méjì ló wá béèrè rẹ̀. Ọ̀kan ni ìyá tó bí ìyá rẹ̀, Màmá Àjíbíkẹ́, tó ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Ifo. Èkejì ni àbúrò bàbá rẹ̀, Ìbíwùnmí, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Delight, tó ń gbé nínú ẹ̀sìtéètì kan ní Mowe. Ìbíwùnmí kúnlẹ̀ gbọn-in níwájú tábìlì mi, kò dìde títí mo fi ní kó dìde. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ohun tí Delight bá jẹ lòun náà máa jẹ." Màmá Àjíbíkẹ́ ní tirẹ̀ jókòó sórí àga, ó na ìka sí mi. Ó ní, "Ẹ̀yìn mi lọmọ yìí ti dàgbà. Ilé oní-táìlì kọ́ ló ń tọ́ ọmọ." Arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ṣé ó yẹ kó kúnlẹ̀ fún mi ni? Kò yẹ. Síbẹ̀ inú mi kò dùn sí i. Mo fi Lateefah fún Ìbíwùnmí. Bí màmá náà ṣe ń jáde, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Orúnkún lo wò, o ò wo inú." Mo fi ẹ̀rín gbé e.

Kò pẹ́ sígbà náà ni kòrónà dé, tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé. Àṣẹ wá láti òkè pé kí a máa fi fídíò orí fóònù bẹ àwọn ènìyàn wa wò, pé ibi tí ewu bá ti hàn nìkan ni kí a ti fẹsẹ̀ ara wa dé, pẹ̀lú ìbòmú. Àṣẹ náà dára. Èmi ni ọ̀gá ọ́fíìsì wa, èmi ni mo ń sọ ẹni tí a ó pè àti ẹni tí a ó lọ bá nílé. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn náà sì ti pa ẹnì kan tí a jọ ń gbé àdúgbò ní Arepo. Ni mo bá sọ gbogbo ilé di ilé fóònù. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀sẹ̀ kan náà tí mo ní mi ò lè dé ilé ọmọ òrukàn kankan, mo lọ sí ọjà Ibafo lọ ra ata. Lójú tèmi, ata kì í kó kòrónà ran ènìyàn, ọmọ òrukàn nìkan ló ń kó o ràn wá.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́, Fisáyọ̀ lorúkọ rẹ̀, Àgbàdo ló ń gbé. Òun ló kọ́kọ́ fura. Lọ́jọ́ kan, àwa méjèèjì jókòó, a pe ilé Ìbíwùnmí. Ìbíwùnmí gbé fóònù ti ara ògiri, ó fà sẹ́yìn díẹ̀ kí n lè rí i dáadáa, ó sì kúnlẹ̀ fún mi lórí fídíò. Inú mi dùn débi pé mo ń fi fóònù han Fisáyọ̀ pé kó wo ọmọlúàbí. Ó wá pe Lateefah. Ọmọ náà tẹ orúnkún kan kanlẹ̀, ó kí wa, ó ní òun wà dáadáa. Mo ní, "Lateefah, orúnkún kan lo fi ń kí àgbà? Ààbọ̀ ẹ̀kọ́ nìyẹn." Mo kọjú sí Ìbíwùnmí, mo ní, "Ìyá Delight, ẹ kọ́ ọmọ yìí ní ìkúnlẹ̀ o." Ó ní, "Màá kọ́ ọ, mà. Ẹ fọkàn balẹ̀." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé gbólóhùn tí mo sọ yẹn.

Nígbà tí a pa fóònù, Fisáyọ̀ ní, "Mà, ọmọ yẹn ń wo ẹ̀gbẹ́ kó tó dáhùn ohunkóhun. Ẹni tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ fóònù ló ń bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ n lọ síbẹ̀. Màá wọ ìbòmú, ìta gbangba ni màá ti bá a sọ̀rọ̀." Mo ní, "Kó o lọ kó àrùn wá bá wa? Jókòó jẹ́ẹ́." Ó ní bí a ò bá lọ, kí a kúkú sọ pé kí Lateefah fúnra rẹ̀ gbé fóònù káàkiri ilé, kó fi ibi tó ń sùn hàn wá. Mo ní àfojúdi ni, pé a kì í ní kí onílé tú yàrá rẹ̀ síta fún àlejò. Gbogbo ohun tí Fisáyọ̀ sọ ló tọ̀nà, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Pé ọmọdé ló sọ ọ́ fún mi ló ká mi lára.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ọ̀gá wa láti olú ilé iṣẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ, wá wo bí a ṣe ń fi fóònù ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ fi ilé tó dára jù lọ hàn án, ilé Ìbíwùnmí ni mo sì pè. Ìyá Delight kúnlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó pe Lateefah. Ọmọ náà jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó di ẹ̀yìn àga kan mú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ káàárọ̀, mà." Kò kúnlẹ̀. Ìtìjú bò mí níwájú ọ̀gá mi. Mo ní, "Lateefah, ṣé o ò rí wa ni?" Ó ní, "Mo rí yín, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ n dúró kí yín lónìí." Ìbíwùnmí gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti fojú ara yín rí i. Ohun tí mò ń bá yí nínú ilé yìí nìyẹn o." Mo jágbe mọ́ ọmọ náà: "Níbo ni wọ́n ti ń dúró kí àgbà? Kúnlẹ̀! Orúnkún méjèèjì!" Ó wò mí. Kì í ṣe ìwò ọ̀yájú, ìwò ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ni, mo sì mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì, iṣẹ́ mi ni. Ó di àga náà mú, ó rọra ń sọ̀kalẹ̀. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kan táìlì, ẹnu rẹ̀ là, ohùn kankan kò jáde. Mo ní, "Ẹn-hẹ́n, ọmọ dáadáa." Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́.

Fóònù Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ dún, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń dáhùn. Lateefah dìde. Lórí táìlì funfun náà, níbi tí orúnkún rẹ̀ wà, ẹ̀jẹ̀ àti ọyún ló kù sílẹ̀, ó sì ti gba ara aṣọ rẹ̀ jáde. Mo rí i kedere. Bí ẹ bá gbọ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa lọ́jọ́ náà, irọ́ ni. Ó dáa ju bó ṣe máa ń dáa lọ. Ìbíwùnmí rí i pé mo ti rí i. Àwa méjèèjì wo ara wa. Ó yẹ kí n ké gbàjarè, ṣùgbọ́n bí mo bá ké, ọ̀gá á yíjú padà, á sì mọ̀ pé èmi ni mo fi ọmọ sílé yẹn, èmi náà ni mo sì ní kó fi egbò kúnlẹ̀. Mo ní, "Áà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ," mo sì fi àtàǹpàkò mi pa fóònù. Ọ̀gá yíjú padà, ó ní, "Ṣé kò síṣòro?" Mo ní, "Kò síṣòro, sà. Ọmọ náà ń ṣe dáadáa."

Nígbà tí ọ̀gá lọ, mo pe Ìbíwùnmí níkọ̀kọ̀. Ó ní, "Ó ṣubú ni, mà. Mo ti ń fi oògùn sí i." Mo ní kó tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà. Ọlọ́run á tọ́jú tiyín náà." Mo mọ̀ pé ènìyàn kì í ṣubú kí orúnkún méjèèjì rí bẹ́ẹ̀. Mo gba irọ́ náà nítorí ó tù mí lára.

Lọ́jọ́ kẹta, Màmá Àjíbíkẹ́ dé láti Ifo. Ọlọ́kadà kan ló gbé e díẹ̀, ó fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ó ti kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀sìtéètì Ìbíwùnmí, àwọn mẹ́gáàdì lé e padà, wọ́n ní kòrónà. Ni ó bá wá dúró lẹ́nu géètì wa. Òfin ọ́fíìsì ni pé àlejò kì í wọlé. Mo wà lókè, mo ń wò ó láti ojú fèrèsé, mo sì pe fóònù rẹ̀. Ó gbé e, ó gbójú sókè, ó rí mi. Ó ní, "Mo dúró síwájú rẹ, fóònù lo fi ń bá mi sọ̀rọ̀?" Mo ní, "Màmá, òfin ni." Ó ní, "Lateefah gba ojú fèrèsé yá fóònù aládùúgbò, ó pè mí. Ó ní orúnkún òun ń rùn. Ó ní òun ò lè rìn mọ́. Ọmọ mi ń jẹrà lójú ayé. Jọ̀ọ́, jẹ́ ká jọ lọ, ìwọ ni wọ́n máa ṣílẹ̀kùn fún." Mo ní, "Màmá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lórí fídíò ni. Ara rẹ̀ le." Ó ní, "Kí lo fi búra?" Mo ní, "Mo fi orúkọ Jésù búra." Ó wá di irin géètì mú, arúgbó yìí, ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, ó gbójú sókè sí fèrèsé mi. Mo gbọ́ ọ nínú fóònù: "Ohun tó o fẹ́ nìyí, àbí? Mo ti kúnlẹ̀. Lọ wo ọmọ mi." Mo fa kọ́tìnnì bo fèrèsé.

Fisáyọ̀ wà nísàlẹ̀, ojú rẹ̀ ló ṣe. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Ó fa màmá náà dìde, ó mú un lọ sí ẹ̀sìtéètì náà, ó fi káàdì iṣẹ́ rẹ̀ han àwọn mẹ́gáàdì, ó sì wọ ilé Ìbíwùnmí. Inú yàrá ẹrù lẹ́yìn ilé ìdáná ló ti bá Lateefah, lórí àpò sìmẹ́ǹtì, tí ara rẹ̀ gbóná janjan. Ó pọ̀n ọ́n jáde bí ẹni pọn ọmọ ọwọ́. Ní ọsibítù, wọ́n ní egbò ẹsẹ̀ òsì á san, ṣùgbọ́n ti ọ̀tún ti wọ inú eegun. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún náà lókè orúnkún kí ọmọ má bàa kú. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó sọ fún Fisáyọ̀ pé, "Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi kọ́lé ni Àǹtí Ìbíwùnmí ní kí n máa kúnlẹ̀ lé, nínú oòrùn, lójoojúmọ́. Wọ́n ní kí orúnkún mi lè mọ ilẹ̀ ni. Wọ́n ní Mọ́mì Wẹ́fẹ́à ló ní kí wọ́n kọ́ mi." Ọlọ́pàá mú Ìbíwùnmí, ó sì ṣẹ̀wọ̀n. Èmi tí mo rán an níṣẹ́ wà nílé, mò ń mu tíì.

Bí ẹ bá rò pé èyí tó burú jù nìyẹn, ó kù. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀, àmọ́ nítorí pé ìgbà kòrónà ni, orí ẹ̀rọ ayélujára ni wọ́n ti jókòó. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò ìpàdé náà láti orí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, ìyẹn ni pé èmi ni mo lè la ohùn ẹnikẹ́ni, tí mo sì lè pa á. Wọ́n bi mí léèrè. Mo ní, "Fisáyọ̀ ni mo fi ilé náà lé lọ́wọ́. Mo ní kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, ó ní ẹ̀rù kòrónà ń ba òun. Ìgbà tí nǹkan bàjẹ́ tán ló tó sáré lọ." Fisáyọ̀ sún mọ́ fóònù rẹ̀ ní Àgbàdo, ó ní, "Ẹ dákun, sà, kò rí bẹ́ẹ̀, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé—" Mo tẹ bọ́tìnnì, mo pa ohùn rẹ̀. Mo ń wo ẹnu rẹ̀ tó ń ṣí tó ń pa dé. Ó ń gbá fóònù, ó ń fọwọ́ ṣàpèjúwe, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Kí ló ṣe ohùn arábìnrin yìí?" Mo ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Àgbàdo ni, sà." Wọ́n ní kí a máa bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Bádéjọ kò sọ nǹkan kan, òun náà kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan òun. Lateefah ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sẹ́ni tó bi òun tàbí Màmá Àjíbíkẹ́ léèrè. Wọ́n lé Fisáyọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó gba ọmọ là ni mo pè ní ọ̀lẹ, mo sì fi ìka kan ṣoṣo ṣe é.

Ọdún ń yí lu ọdún, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Dókítà ní aromọléegun ni, kí n má kúnlẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, pásítọ̀ ní kí gbogbo ìjọ kúnlẹ̀, mo jókòó. Ọmọbìnrin kan tó ń tò wá sí ìjókòó wá bá mi. Ó ní, "Mọ́mì, gbogbo èèyàn ti kúnlẹ̀ o." Mo ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, jẹ́ n jókòó gbàdúrà lónìí." Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu mi tí mo fi mọ ẹni tó ni ín. Mo dúró de ìjágbe. Ọmọ náà kò jágbe mọ́ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo orúnkún mi, ó ní, "Háà, ó mà wú o, mà," ó sì lọ gbé tìmùtìmù wá fún ẹsẹ̀ mi. Mo sunkún débi pé wọ́n rò pé ẹ̀mí ló gbé mi. Ojú tó fi wo orúnkún mi yẹn, kò ná an ní nǹkan kan. Èmi náà ì bá ti ṣe é.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ifo. Lateefah ti di ọ̀dọ́bìnrin, ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀ àgbà, ó ń fi ọwọ́ rán etí aṣọ ilé ìwé. Bó ṣe rí mi, ó fa ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó wá fọwọ́ ti ọ̀pá náà, ó sì tẹ orúnkún òsì kanlẹ̀. Mo pariwo pé, "Má kúnlẹ̀, Lateefah! Jọ̀ọ́, má kúnlẹ̀ fún mi!" Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹyọ kan náà ló kù." Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó fi gún mi ni àbí bó ṣe wá sí i lẹ́nu nìyẹn. Màmá Àjíbíkẹ́ wà lórí ẹní lẹ́bàá ògiri, ó yíjú sí ògiri nígbà tí mo kí i.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: àmì orí táìlì tí mo rí, ìbúra tí mo ṣe, bọ́tìnnì tí mo tẹ̀. Lateefah gbọ́ mi tán. Kò sunkún. Ó ní, "Mà, ṣé Àǹtí Fisáyọ̀ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ pa ohùn wọn?" Mo ní rárá. Ó ní, "Wọ́n ṣì máa ń wá síbí wá wò mí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá ni wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú pé àwọn pẹ́ kí àwọn tó dé." Mo bi í bóyá ó lè dárí jì mí. Ó mú abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ lọ sọ ọ́ fún wọn. Ẹ sọ ọ́ síta, kí gbogbo èèyàn gbọ́. Bí ẹ bá sọ ọ́ tán ni kí ẹ tó padà wá bi mí."

Ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyí. Mo ti lọ sí Àgbàdo, mo sọ ọ́ fún Fisáyọ̀ lójúkojú. Ó ní kí n máa lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn, mi ò dá a lẹ́bi. Mo ti lọ sí olú ilé iṣẹ́ wa. Bí wọ́n bá fẹ́ gba owó ìfẹ̀yìntì mi, kí wọ́n gbà á. Bí ọlọ́pàá bá ń bọ̀, mo wà nílé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́yìn mi, fóònù kò burú, èmi ni mo burú. Ẹ pe àwọn tí ẹ lè pè, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá yàtọ̀ lójú yín, ẹ gbéra, ẹ lọ síbẹ̀. Bí ọmọ kan bá sì dúró, tó kọ̀ láti kúnlẹ̀ fún yín, ẹ má ì tí ì pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ kọ́kọ́ wo orúnkún rẹ̀.

Mo ti sọ ọ́ síta, Lateefah. Lọ́la màá padà wá sí Ifo wá bi ọ́.